Bàbá Nù-ún-wò, Ẹni Tó Fi Pákó Dúdú Tẹ́ Ilẹ̀ Ilé fún Ọdún Mẹ́rìnléláàádọ́ta

Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹta, ọdún 1942 ni wọ́n bí bàbá wa, nínú yàrá kan tó wà lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń la gẹdú létí odò. Àwọn ni àkọ́bí nínú ọmọ méjì. Bàbá tó bí wọn lọ́mọ jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tó ń fi omi gbé gẹdú wálé, wọ́n sì máa ń sọ pé gbogbo igi ló mọ̀wẹ̀ àfi igi dúdú. Tí igi dúdú bá bọ́ sódò, ńṣe ló máa rì lọ sísàlẹ̀ bí òkúta, àfi tí wọ́n bá so ó mọ́ àárín igi fúyẹ́fúyẹ́ méjì tó máa gbé e. Ìyá wọn jẹ́ alágbàfọ̀. Ilé tí wọ́n ti tọ́ Bàbá dàgbà wá pín sí méjì: apá kan kún fún pákó tó rin gbingbin, apá kejì kún fún aṣọ funfun àwọn oníbàárà. Ẹni tó bá mọ ìwà igi dúdú á ti mọ̀ pé ìjà ò ní pẹ́ bẹ́ sílẹ̀ nínú irú ilé bẹ́ẹ̀.

Ó sì bẹ́ lóòótọ́. Lọ́dún 1949, nígbà tí Bàbá jẹ́ ọmọ ọdún méje, wọ́n fọwọ́ ara wọn sá ṣẹ́ẹ̀tì olùkọ́ wọn sórí pákó dúdú tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Nígbà tí wọ́n fi máa ká a, ẹ̀yìn ṣẹ́ẹ̀tì náà ti pọ́n bí omi tíì. Ìyá wọn fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, wọ́n fi omi gbígbóná sè é, wọ́n sá a sóòrùn fún ọjọ́ mẹ́ta, àwọ̀ náà ò kúrò. Wọ́n wá fi ẹgba sọ ìyókù fún Bàbá. Olùkọ́ náà wọ ṣẹ́ẹ̀tì yẹn títí ọdún fi parí, gbogbo ìgbà tó bá sì yíjú sí pátákó ìkọ̀wé, àwọn ìlà tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni Bàbá máa ń wò. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ ọ pé tí igi dúdú bá ṣì jẹ́ tuntun, tí omi sì kàn án, ó máa ń tu omi pupa rúsúrúsú sára ohun tó bá sún mọ́ ọn. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ohun tó ń bọ̀ níwájú.

Kí a tó lọ jìnnà, ó ní ohun kan tí ẹbí fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀. Ìtàn ìgbésí ayé bí irú èyí sábà máa ń dùn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bíi pé olóògbé ò ṣi ẹsẹ̀ gbé rí látọjọ́ tó ti dáyé. Bàbá wa ò gbà bẹ́ẹ̀. A bá ìwé kékeré kan nínú agolo ìṣó wọn, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sí i pé: "Tí ẹ bá ń kọ ìtàn mi, ẹ má yọ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn kúrò. Tí ẹ bá yọ ọ́, ìtàn ẹlòmíì lẹ kọ." Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ wọ́n mọ̀ pé kò sẹ́ni tó máa dán an wò nínú wa. Nítorí náà, ẹ má bínú, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Bàbá wọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1948, wọ́n sì jáde lọ́dún 1955. Ìṣirò ni wọ́n mọ̀ dáadáa; ní ti ìwé kíkà sókè, olùkọ́ wọn kọ ọ́ sínú ìwé èsì ìdánwò pé "ó ń gbìyànjú". Lọ́dún 1957, wọ́n lọ kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ káfíńtà kan tí gbogbo èèyàn ń pè ní Ọ̀gá Rọra, nítorí pé "rọra" ni ọ̀rọ̀ tó máa ń ti ẹnu wọn jáde látàárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ọdún mẹ́jọ ni Bàbá lò níbẹ̀. Pákó dúdú tí wọ́n ń tẹ́ sí ilẹ̀ ilé ni Ọ̀gá Rọra mọ̀ ju ohunkóhun lọ, pákó náà sì fẹ́ kí èèyàn ní sùúrù. Ó le débi pé tí ayùn bá gé mẹ́wàá nínú rẹ̀, ẹnu ayùn náà ti kú, àfi kí wọ́n tún un pọ́n. Ìṣó ò lè wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀ lásán. Ó máa tẹ̀ ni, àyàfi tí wọ́n bá kọ́kọ́ lu ihò fún un. Òróró wà lára rẹ̀ débi pé gọ́ọ̀mù kì í mú un tí wọn ò bá kọ́kọ́ fi sípíríìtì nù ún. Wọ́n tún gbọ́dọ̀ tò ó jọ sínú yàrá tó máa gbé fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko kí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ lè mọ́ ọn lára. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, tó bá di àsìkò òjò, ńṣe ló máa wú, tí ilẹ̀ ilé á sì yọ iké. Ìyẹ̀fun rẹ̀ ní tiẹ̀ máa ń jó Bàbá nímú. Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni wọ́n máa ń sín láàárọ̀ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í gé pákó, ìyá kan lódìkejì títì sì sọ fún wa pé èyí kẹsàn-án lòun fi ń mọ̀ pé àsìkò tó láti gbé omi kaná.

Lóṣù kẹsàn-án ọdún 1965, Ọ̀gá Rọra yọ̀ǹda fún Bàbá láti gba iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó máa jẹ́ ti orúkọ wọn: ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì tí à ń lọ yìí, láti ẹnu ọ̀nà títí dé iwájú pẹpẹ. Àwọn àgbà ìjọ ti sọ pé tó bá dáa, Bàbá náà làwọn máa gbé ilẹ̀ gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ fún. Bàbá jẹ́ kí pákó náà sinmi fún ọ̀sẹ̀ méjì. Wọ́n lu ihò, wọ́n kan ìṣó, wọ́n fi sánpépà ha á títí tó fi ń dán. Ó wá ku òróró tí wọ́n máa fi pa á kí àwọ̀ rẹ̀ má bàa jáde mọ́, òróró náà ò sì tètè dé. Ìgbéyàwó kan wà lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, Bàbá ò sì fẹ́ kí àlejò bá eruku nílẹ̀. Ni ọmọ alágbàfọ̀ tó jẹgba nítorí ṣẹ́ẹ̀tì olùkọ́ bá bu omi sínú garawa nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ó sì fọ ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì náà láti ẹnu ọ̀nà dé iwájú pẹpẹ, kò sì gbẹ tán kí ilẹ̀ tó mọ́.

Lọ́jọ́ kejì, ìyàwó tuntun wọlé nínú aṣọ funfun tó ń wọ́ nílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ níwájú pẹpẹ, àdúrà alùfáà ò sì kúrú. Nígbà tó dìde tó yíjú sí ìjọ, ibi orúnkún aṣọ náà méjèèjì ti di pupa rúsúrúsú, etí rẹ̀ yí ká sì dà bí ohun tí wọ́n rì bọ inú tíì. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Ìyá ìyàwó ò rẹ́rìn-ín, wọn ò sì wo ilẹ̀. Aránṣọ tó rán aṣọ náà ni wọ́n wò.

Aránṣọ yẹn ni màmá wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn ò tíì mọ Bàbá rí nígbà náà. Ẹni ọdún mọ́kànlélógún ni wọ́n, kò sì ju oṣù mọ́kànlá lọ tí wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ìyá ìyàwó sọ ọ́ ketekete pé téèpù olówó pọ́ọ́kú tí aránṣọ fi sí etí aṣọ nínú ló ń ṣàwọ̀ jáde. Màmá ní téèpù funfun làwọn lò, ṣùgbọ́n ta ló máa tú aṣọ ìyàwó wò lójú agbo? Kí ọjọ́ Ajé tó ṣú, oníbàárà mẹ́rin ti wá gba aṣọ wọn láì tíì rán.

Bàbá jókòó sórí àga tó gbẹ̀yìn lọ́jọ́ ìgbéyàwó náà. Wọ́n rí i, wọ́n sì mọ̀. Kò sẹ́ni tó mọ àwọ̀ yẹn tó wọn nínú gbogbo ìjọ. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ àkọ́kọ́ nìyẹn, gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ sì wà níwájú, wọ́n bá panu mọ́. Lọ́sẹ̀ kìíní, wọ́n ń sọ fún ara wọn pé ẹlòmíì máa fòye gbé e. Lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n gba iwájú ṣọ́ọ̀bù Màmá kọjá, wọ́n rí i pé aṣọ ti bo ẹ̀rọ ìránṣọ mọ́lẹ̀ lọ́sàn-án gangan, Màmá sì jókòó tì í, wọ́n ká ọwọ́ lẹ́rán. Bàbá yára rìn kọjá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n tún padà gba ibẹ̀ kọjá lọ́jọ́ náà bí ẹni tó ń wá nǹkan tó já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọn ò sì wọlé. Bàbá fúnra wọn ló sọ gbogbo èyí fún wa, ojú sì máa ń tì wọ́n tí wọ́n bá dé ibẹ̀, kódà lẹ́ni ọgọ́rin ọdún.

Lọ́sẹ̀ kẹta, ìyá ìyàwó gbé aṣọ náà lọ fún alágbàfọ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ jù ládùúgbò. Ìyá Bàbá nìyẹn. Màmá àgbà tú u, wọ́n wò ó lẹ́ẹ̀kan, wọn ò wulẹ̀ wá ọṣẹ. Wọ́n sá a sórí okùn níwájú fèrèsé yàrá ọmọ wọn, kó lè jẹ́ ohun tó máa kọ́kọ́ rí láàárọ̀. Nígbà tí Bàbá jáde síta, Màmá àgbà ń fẹ́ná sí áyọ́ọ̀nù, wọn ò tiẹ̀ gbójú sókè. Wọ́n ní: "Ṣé ìwọ lo máa sọ ọ́ ni, àbí kí n lọ bá ẹ sọ ọ́?"

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn ìkéde, Bàbá bẹ àwọn àgbà ìjọ pé kí wọ́n fún àwọn láyè ìṣẹ́jú márùn-ún. Wọ́n gbé àgékù pákó kan tó ṣẹ́ kù nínú iṣẹ́ náà síwájú. Wọ́n tẹ́ áńkáṣíìfù funfun wọn sórí àga, wọ́n gbé pákó lé e, wọ́n wá ń da omi sí i díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi máa gbé pákó kúrò, áńkáṣíìfù ti pọ́n bí orúnkún ìyàwó gẹ́lẹ́. Wọ́n nà án sókè kí gbogbo èèyàn lè rí i, wọ́n ní: "Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe aṣọ. Ilẹ̀ tí mo ṣe ni. Èmi ni mo fi omi fọ̀ ọ́, mo sì ti mọ̀ láti ọjọ́ yẹn." Ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn yẹn, kò sẹ́ni tó fipá gbà á lẹ́nu wọn. Wọn ì bá ti sọ pé àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ni. Màmá dìde, wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ Bàbá kọjá láì wò wọ́n, wọ́n jáde. Alùfáà ní kí ìjọ kọrin, kò sì sẹ́ni tó rántí orin kankan.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, oníbàárà ti padà kún ṣọ́ọ̀bù Màmá, ìyá ìyàwó ló sì ṣáájú wọn wá tọrọ àforíjì. Ní ti Bàbá, wọ́n gbé gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ fún ẹlòmíì. Wọ́n padà sọ́dọ̀ Ọ̀gá Rọra lọ máa ṣiṣẹ́ gbowó. Ọ̀gá Rọra ò bú wọn. Wọ́n kàn sọ fún wọn pé: "Ibi tó yẹ kó o ti yára lo ti rọra."

Lóṣù karùn-ún ọdún 1966, Màmá yọ sẹ́nu ọ̀nà ibi iṣẹ́ náà, wọ́n gbé ìdì òwú funfun kan dání. Wọ́n kí Ọ̀gá Rọra, wọn ò kí Bàbá. Wọ́n ní àwọn ń rán aṣọ fún ilé ẹ̀kọ́ kan, òwú pupa rúsúrúsú làwọn sì ń wá, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ń tà máa ń ṣí tí wọ́n bá fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n wá kọjú sí Bàbá níkẹyìn, wọ́n ní: "Mo gbọ́ pé omi kan wà lọ́wọ́ yín níbí tí kì í kúrò lára aṣọ láéláé." Bàbá ò mọ̀ bóyá èébú ni. Èébú ni o, Màmá ti sọ bẹ́ẹ̀ fún wa, ṣùgbọ́n wọ́n ní òwú tí Bàbá rì bọ inú omi pákó náà dáa. Oṣooṣù ni wọ́n ń wá níbẹ̀rẹ̀, ó di ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, nígbà tó sì yá, òwú tí wọ́n ń gbé wá ti pọ̀ ju aṣọ tí wọ́n ń rán lọ.

Ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹrin ọdún 1967 ni wọ́n ṣègbéyàwó, ní ṣọ́ọ̀ṣì yìí kan náà, lórí ilẹ̀ yìí kan náà. Òróró ti mu ilẹ̀ náà yó tipẹ́, síbẹ̀ Màmá ní àwọn ò ní kúnlẹ̀ nínú aṣọ funfun àfi tí ọkọ bá wọ ṣòkòtò funfun tó sì kọ́kọ́ kúnlẹ̀ ná. Fọ́tò ọjọ́ náà wà lójú ewé kẹta ìwé yìí. Bàbá ló ń gbé ẹsẹ̀ sókè yẹn, wọ́n ń fi orúnkún han alùfáà.

Láti ìgbà náà, Bàbá ò fa ilé kankan lé onílé lọ́wọ́ láìjẹ́ pé wọ́n kọ́kọ́ fi áńkáṣíìfù funfun tó tutù nu ilẹ̀ rẹ̀ láti ìgun dé ìgun. Tó bá jáde ní funfun, onílé lè wọlé. Tí àmì kan bá wà lára rẹ̀, kò sẹ́ni tó ń wọlé. Lọ́dún 1983, oníṣòwò kan kó ẹrù dé ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ tuntun pẹ̀lú ọkọ̀ méjì. Bàbá gbé àga sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n jókòó lé e, wọ́n ní, "Ẹ jẹ́ n nù ún wò ná." Àmì tó jáde ò ju èékánná lọ. Ọkọ̀ méjèèjì padà sẹ́yìn pẹ̀lú ẹrù, ibẹ̀ sì ni orúkọ tí gbogbo yín mọ̀ wọ́n mọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn oníbàárà míì máa ń pariwo pé pákó tuntun ò dọ́gba, pé ọ̀kan pọ́n, òmíì ní ìlà bí ìyẹ̀fun. Bàbá á ní kí wọ́n ṣí kọ́tìnì, kí wọ́n fún un lọ́dún kan. Ìmọ́lẹ̀ máa ń mú kí gbogbo rẹ̀ dúdú dọ́gba, àfi ibi tí nǹkan bá bò. Nínú pálọ̀ wa, ibì kan ṣì wà tó pọ́n lábẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ Màmá. Bàbá ló gbé ẹ̀rọ náà síbẹ̀ lọ́dún 1974, wọn ò sì gbà kí ẹnikẹ́ni sún un.

Lọ́dún 1979, ìjọ fẹ́ fi Bàbá jẹ àgbà. Bàbá kọ́kọ́ béèrè bóyá wọ́n rántí ọdún 1965. Wọ́n ní àwọn rántí. Bàbá ní ó dáa nígbà náà. Láti ìgbà náà, Bàbá ló ń fi òróró pa iwájú pẹpẹ lọ́dọọdún, ibi tí àwọn ìyàwó ti ń kúnlẹ̀, wọn ò sì gba kọ́bọ̀. Wọ́n tẹ́ ilẹ̀ ilé ìgbẹ̀bí àdúgbò lọ́fẹ̀ẹ́. Káfíńtà mẹ́tàlá ló kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ wọn, gbogbo wọn ló sì ní áńkáṣíìfù funfun lápò lónìí. Tẹ́ ẹ bá rí àwọn ọkùnrin tó ń wo ilẹ̀ jù nínú ìsìn yìí, àwọn nìyẹn.

Nílé, ọ̀rọ̀ kan wà láàárín Bàbá àti Màmá tí kò tán. Gbogbo ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹrin, tí wọ́n bá jẹun àárọ̀ tán, Bàbá á béèrè pé: "Aránṣọ, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn ńkọ́? Ṣé ẹ ti dárí jì mí?" Màmá á ní: "Ó kù díẹ̀." Lọ́dún tí wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀bù tuntun fún Màmá, ó kù díẹ̀. Lọ́dún tí àbíkẹ́yìn wa gboyè, ó kù díẹ̀. Gbogbo wa la máa ń rẹ́rìn-ín, Bàbá náà á sì rẹ́rìn-ín. Eré ni. Ṣùgbọ́n àwa tá a jókòó sídìí tábìlì yẹn mọ̀ pé Bàbá ń retí èsì mìíràn lọ́dọọdún, ó sì máa ń dùn wá díẹ̀ tá a bá rí ojú wọn.

Bàbá fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 2019 nígbà tí orúnkún ní ó tó. Ọdún márùn-ún tó tẹ̀ lé e dùn mọ́ wọn gan-an. Wọ́n ń jókòó sí ojú fèrèsé níbi tí oòrùn ti ń wọlé, wọ́n ń gbọ́ ìró ẹ̀rọ ìránṣọ, wọ́n sì ń sọ fún gbogbo àlejò pé kí wọ́n bọ́ bàtà. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, wọ́n mu tíì wọn tán. Oṣù kẹrin kọ́ nìyẹn, síbẹ̀ wọ́n béèrè. Màmá ò gbójú kúrò lára aṣọ tí wọ́n ń rán, wọ́n ní: "Ó kù díẹ̀." Bàbá rẹ́rìn-ín, wọ́n fẹ̀yìn ti àga, wọ́n sì dákẹ́. Nígbà tí Màmá fi máa rán apá aṣọ náà tán, Bàbá ti lọ. Ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́rin ni wọ́n.

Bàbá fi ìyàwó sílẹ̀ sáyé, àti àbúrò wọn obìnrin kan ṣoṣo. Wọ́n fi ọmọ mẹ́rin sílẹ̀: àkọ́bí ọkùnrin tó jẹ́ káfíńtà, olùkọ́ kan, nọ́ọ̀sì kan, àti àbíkẹ́yìn tó ń ṣe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí Bàbá ò sì yé sọ pé kò ní orúkọ. Ọmọ-ọmọ mọ́kànlá àti àtọmọdọ́mọ méjì ló tún kù.

Ó ku ohun kan. Lọ́jọ́ kejì tí Bàbá lọ, Màmá ní kò sí aránṣọ mìíràn tó máa rán aṣọ tí wọ́n máa fi bo ọkọ àwọn. Ẹni ọgọ́rin ọdún ni wọ́n, ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi rán an, aṣọ funfun gbòò tí kò ní àbùkù kankan. Wọ́n wá ní kí àkọ́bí gbé pákó dúdú tuntun kan wá, kó sì gbé e sínú ọpọ́n omi. Nígbà tí omi náà pọ́n tán, Màmá mú aṣọ tuntun náà, wọ́n rọra ri etí rẹ̀ bọ inú omi náà yí ká. Olùkọ́ inú wa pariwo pé, "Màmá, ẹ ti bà á jẹ́!" Màmá sá a sórí okùn, wọ́n nuwọ́, wọ́n ní: "Kò kù mọ́. Bàbá yín sì mọ̀ tipẹ́. Ta ló ń bá ẹni tí kò tíì dárí jì gbé fún ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta?" Wọ́n wá jókòó, wọ́n sì sunkún fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Nítorí náà, ẹ̀yin ẹni wa, nígbà tẹ́ ẹ bá ń gba ẹ̀gbẹ́ pósí kọjá níwájú pẹpẹ, tẹ́ ẹ bá rí ìlà pupa rúsúrúsú létí aṣọ funfun tó bo Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe sọ pé aránṣọ ò mọ iṣẹ́. Ó mọ̀ ọ́n ṣe.

Bàbá Nù-ún-wò, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn wà nínú ìtàn bẹ́ ẹ ṣe ní ká kọ ọ́, ìyàwó yín sì ti dáhùn. Ẹ sùn re.